Ká ní a ní ká fi àwọn olórí orílẹ̀-èdè ṣe ikọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì, ta lẹ máa mú?

Balógun_Pápá

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń yí lọ́kàn mi láti ìjẹta. Mo ka ọ̀rọ̀ tí Geoffrey Howe sọ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 1990, lẹ́yìn tó ti kọ̀wé fi ipò igbákejì olóòtú ìjọba sílẹ̀. Ó ní iṣẹ́ tí Margaret Thatcher, olóòtú ìjọba nígbà náà, ń rán àwọn mínísítà rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n rán àwọn tó máa kọ́kọ́ gbá wọ pápá kíríkẹ́ẹ̀tì, tí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ń bọ̀, tí wọ́n wá rí i pé balógun ikọ̀ àwọn fúnra rẹ̀ ti ṣẹ́ báàtì àwọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn rẹ̀ ni Thatcher kéde pé òun ń fipò sílẹ̀.

Látìgbà tí mo ti kà á ni mo ti ń bi ara mi pé, bí a bá ní ká kó àwọn olórí orílẹ̀-èdè jọ lóòótọ́, ká fi wọ́n ṣe ikọ̀ tí yóò gbá Test, ìyẹn eré kíríkẹ́ẹ̀tì àgbáyé ọlọ́jọ́ márùn-ún, àwọn wo là ń mú? Mi ò wá ẹni tó lókìkí jù. Ẹni tí a mọ ohun tó ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù le ni mò ń wá.

Òfin mi ò pọ̀. Ẹni tó ṣì wà lórí àlééfà ò wọ̀ ọ́. Àwọn olórí tiwa náà ò wọ̀ ọ́, torí mo mọ̀ pé ìjà ẹgbẹ́ òṣèlú ló máa gba ibí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí ẹ bá sì mú, ẹ sọ ohun tó ṣe tó fi yẹ fún iṣẹ́ tí ẹ gbé lé e lọ́wọ́.

Èmi á bẹ̀rẹ̀. Nelson Mandela ló máa kọ́kọ́ jáde lọ gbá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá ló ń kojú bọ́ọ̀lù tuntun. Bọ́ọ̀lù náà le bí òkúta, ó ń sáré, ó sì ń fò sókè, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì rẹ àwọn ajubọ́ọ̀lù. Wọn ò rán an pé kó gbá a kọjá odi. Wọ́n rán an pé kó má kúrò níbẹ̀. Ọdún 27 ni Mandela lò lẹ́wọ̀n. Ní 1985, P. W. Botha ní òun á tú u sílẹ̀ bó bá lè jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kọ ìwà ipá sílẹ̀ pátápátá, ó kọ̀. Bọ́ọ̀lù tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wíkẹ́ẹ̀tì kọjá nìyẹn, tó ń tan èèyàn pé kó nawọ́ sí i. Ó gbé báàtì rẹ̀ sókè, ó fi í sílẹ̀ kó kọjá.

Ó ku ẹni mẹ́wàá.

Akẹ́kọ̀ọ́22

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má bínú, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni mo mọ̀. Ẹ là mí lọ́yẹ̀ díẹ̀ kí n lè bá yín dá sí i. Kí ni ẹni tó ń gbá ń dúró fún? Kí sì ni balógun ikọ̀ ń ṣe tó jẹ́ pé òun ni Howe dárúkọ?

OlóyèWíkẹ́ẹ̀tì

Àbúrò, ìbéèrè rẹ dáa. Èèyàn 11 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ikọ̀ kan bá ń gbá, èèyàn wọn méjì ló ń wà lórí pápá lẹ́ẹ̀kan. Igi mẹ́ta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni wíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan wà lápá ìhín, èkejì lápá ọ̀hún, ojú ọ̀nà àárín wọn sì jẹ́ yáàdì 22. Ajubọ́ọ̀lù fẹ́ fi bọ́ọ̀lù wó igi yẹn kó lè yọ ẹni tó ń gbá. Oníbáàtì ń dáàbò bò ó, ó sì ń wá ráànù, ìyẹn àmì ayò. Bí wọ́n bá ti yọ èèyàn mẹ́wàá, ìdúró ikọ̀ náà parí, ó kan ikọ̀ kejì.

Ní ti balógun, kò jọ ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ rárá. Níbẹ̀, olùkọ́ni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ló ń pàṣẹ. Nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, balógun ló ń sọ ẹni tó máa ju bọ́ọ̀lù, ìgbà tó máa jù ú, àti ibi tí oníkálukú máa dúró sí lórí pápá. Òun náà ló lè sọ pé ráànù tí a ní tó, kó pe àwọn tó ń gbá wọlé nígbà tí wíkẹ́ẹ̀tì ṣì kù nílẹ̀, ìyẹn nígbà tí wọn ò tíì yọ èèyàn mẹ́wàá. Ìkéde la ń pe ìyẹn. Fi ọ̀rọ̀ ìkéde yẹn sọ́kàn, ó máa wúlò.

Mo fẹ́ bá Balógun wí díẹ̀. Kí la fẹ́ fi ẹni tí ò di báàtì mú rí ṣe nígbà tí àwọn tó gbá a ní tòótọ́ wà? Alec Douglas-Home, olóòtú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1963 sí 1964, gbá kíríkẹ́ẹ̀tì onípò kìn-ín-ní, ìyẹn ìpele gíga eré náà, nígbà mẹ́wàá láàárín 1924 sí 1927. Kò sí olóòtú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tó ṣe é rí. Kamisese Mara, olóòtú ìjọba àkọ́kọ́ ní Fíjì, bá ikọ̀ Fíjì lọ sí Niu Sílándì ní 1954. Nawaz Sharif ti Pakistan náà gbá eré onípò kìn-ín-ní kan, òun ló kọ́kọ́ jáde lọ gbá, òdo ni wọ́n sì fi yọ ọ́. Imran Khan, tóun náà ti ṣe olóòtú ìjọba Pakistan rí, sì rèé, èmi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Àwọn yìí ni ikọ̀ mi.

Àbẹ̀ní_T

Ẹ̀yin Olóyè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bó bá jẹ́ ẹni tó ti gbá nìkan, obìnrin kan ò ní sí nínú ikọ̀ yìí. Sirimavo Bandaranaike di olóòtú ìjọba Sri Lanka ní oṣù keje 1960, obìnrin àkọ́kọ́ láyé tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀, orílẹ̀-èdè tó fẹ́ràn kíríkẹ́ẹ̀tì sì ni. Ta ló gbé báàtì fún un nígbà tó wà lọ́mọdé? Ìwà la ó wò.

Ẹni tí mo fẹ́ kó bá Mandela jáde ni Angela Merkel. Ọdún 16 ló fi ṣe olórí ìjọba Jámánì, láti 2005 sí 2021. Ìdààmú owó 2008 dé bá a, ti owó Yúróòpù tẹ̀lé e, àwọn tó ń sá ogun dé ní 2015, àrùn Kòrónà dé. Kò pariwo. Ó ń wo bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń bọ̀, bí onímọ̀ físíìsì tó jẹ́. Ẹ wo àwọn méjì yẹn níwájú wíkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní. Àwọn ajubọ́ọ̀lù á làágùn!

Ní ipò kẹfà, Ellen Johnson Sirleaf ti Làìbéríà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo Test mọ ohun tí ipò kẹfà jẹ́. Nígbà míì wàá jáde, ráànù ò tíì pé 50, wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ti lọ, ìyẹn ni pé wọ́n ti yọ èèyàn mẹ́rin. Ó gba ìjọba ní oṣù kìíní 2006, lẹ́yìn ogun abẹ́lé méjì. Iná mànàmáná ò sí, gbèsè tó ju bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là lọ wà lọ́rùn wọn. Nígbà tó máa fi di 2010, wọ́n ti fagi lé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èbólà tún dé ní 2014. Ó dúró títí tó fi gbé ìjọba lé ẹlòmíì lọ́wọ́ ní 2018 láìsí ìjà.

Balógun_Pápá

Àbẹ̀ní, o ti borí mi. Merkel àti Sirleaf ti wọlé.

Tíṣà_Àgbà

Ẹ kú àpérò, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo rí orúkọ Mandela lókè, mo sì rántí ohun kan tí ẹ̀yin tí ò tíì dàgbà lè má mọ̀. Ní 1986, wọ́n gbà kí Malcolm Fraser, tó ti ṣe olóòtú ìjọba Ọsirélíà rí, lọ rí Mandela lẹ́wọ̀n. Ọ̀kan nínú ohun tí Mandela kọ́kọ́ bi í ni pé, ṣé Donald Bradman ṣì wà láyé? Ọ̀gá tó ń gbá bọ́ọ̀lù jù lọ láyé nìyẹn. Fraser padà mú báàtì kan wá fún un, Bradman ti fọwọ́ sí i, ó kọ ọ́ sí i pé òun fi yẹ́ ẹ sí fún ìdúró ńlá tí kò tíì parí. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká rántí ìdí tó fi ṣòro fún irú Mandela láti rí pápá gbá. Basil D'Oliveira, ọmọ Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà tí òfin kẹ́lẹ́yàmẹ̀yà kò jẹ́ kó gbá fún ilẹ̀ rẹ̀, sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbá ráànù 158 ní The Oval ní oṣù kẹjọ 1968. Nígbà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú ikọ̀ tó ń lọ sí Gúúsù Áfíríkà, John Vorster, olóòtú ìjọba níbẹ̀, ní òun ò gba ikọ̀ náà. Wọ́n fagi lé ìrìn-àjò náà. Lẹ́yìn 1970, Gúúsù Áfíríkà ò gbá eré àgbáyé mọ́ títí di oṣù kọkànlá 1991, nígbà tí wọ́n lọ sí Íńdíà. Àwọn ọmọ tó lè gbá dáadáa dàgbà, wọ́n sì di arúgbó láàárín ìgbà yẹn. Ohun tí ẹnu olórí kan ṣoṣo lè bàjẹ́ nìyẹn. Ìdí rèé tí mo fi rò pé eré tí Balógun gbé kalẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ rárá.

Ẹni tèmi, ipò kẹta, Clement Attlee ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Winston Churchill, olóòtú ìjọba, ló ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò nígbà ogun, Attlee sì ni igbákejì rẹ̀ tó ń bójú tó ilé. Ní 1945 àwọn èèyàn dìbò fún un. Ètò ìlera ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù keje 1948. Ẹni tó máa ń gba ipò kẹta gbọ́dọ̀ lè dúró bí ẹni tó kọ́kọ́ jáde, kó sì lè kó ráànù jọ nígbà tí ọ̀nà bá là. Kíríkẹ́ẹ̀tì wà lẹ́jẹ̀ rẹ̀ pàápàá. Kò fẹ́ ẹ̀rọ tó ń tẹ ìròyìn jáde nílé ìjọba, àfi ìgbà tí akọ̀wé ìròyìn rẹ̀ sọ fún un pé ráànù kíríkẹ́ẹ̀tì á máa wọlé lórí rẹ̀.

Ọmọ_Aláròyé

Bàbá, a dúpẹ́ fún ìtàn D'Oliveira. Mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tẹ́ ẹ ń mú, ìdúró ni gbogbo wọn mọ̀. Ta ló máa wó wíkẹ́ẹ̀tì àwọn ẹlòmíì? A nílò ajubọ́ọ̀lù tó ń sáré. Thomas Sankara. Ọmọ ọdún 33 ni nígbà tó gbàjọba ní 1983. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n fún àwọn ọmọdé bíi mílíọ̀nù 2.5 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó ta àwọn ọkọ̀ Mercedes ìjọba, ó ní kí àwọn mínísítà máa gun Renault 5. Ó yí orúkọ ilẹ̀ náà padà sí Burkina Faso ní 1984. Bọ́ọ̀lù kan ò tíì balẹ̀ tí òmíì ti ń bọ̀. Gbogbo ajubọ́ọ̀lù tó ń sáré bẹ́ẹ̀ ló mọ̀ pé ara ò lè gbà á pẹ́. Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 1987 ni wọ́n pa á, kò ju ọmọ ọdún 37 lọ. Ó dùn mí títí di òní.

Ẹ fi Churchill sí apá kejì, kí ẹ má fi í sí ibòmíràn. Ajubọ́ọ̀lù ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún ni, nígbà tí gbogbo nǹkan ti fẹ́ bọ́. Ní 1940 ó ṣe iṣẹ́ yẹn. Ní 1945 àwọn tó gbà là gan-an ní kó lọ sinmi, mo sì gbà pé wọ́n jàre.

Balógun_Pápá

Wọ́n ti wọlé, àwọn méjèèjì. Èmi á fi ajubọ́ọ̀lù tó rọra ń ju kún un. Bọ́ọ̀lù tó rọra ń bọ̀ ló máa ń ba oníbáàtì lọ́kàn jẹ́ jù, torí ó láyè láti ronú, ó sì ń ronú òdì. Mohandas Gandhi kò ṣe olóòtú ìjọba rí, ṣùgbọ́n olórí òṣèlú ilẹ̀ rẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta 1930 ó gbéra láti Sabarmati, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí etí òkun Dandi, bíi kìlómítà 385, ọjọ́ 24. Kí ló lọ ṣe? Ó lọ bu iyọ̀. Ìjọba tó ní ọkọ̀ ogun àti ìbọn ò mọ bí wọ́n á ṣe gbá a. Bí wọ́n bá mú un, wọ́n jẹ̀bi. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, òfin wọn ti fọ́. Bọ́ọ̀lù tó balẹ̀ síbì kan tó yí gba ibòmíràn nìyẹn gẹ́lẹ́. Ó ku aṣọ́wíkẹ́ẹ̀tì.

Akẹ́kọ̀ọ́22

Ó ti ń yé mi. Ṣé aṣọ́wíkẹ́ẹ̀tì ni ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn igi, tó ń rí gbogbo ohun tó ń lọ? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, Lee Kuan Yew ti Singapore. Ó sunkún lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ 1965 nígbà tí wọ́n yọ wọ́n kúrò lára Malaysia, lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó kọ́ ilẹ̀ náà. Owó ẹ̀yìn ò rí ọ̀nà gbà kọjá lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ_Aláròyé

Bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ ló ń dúró. Ṣùgbọ́n àbúrò, má gbàgbé Chia Thye Poh, aṣòfin tí wọ́n tì mọ́lé ní 1966. Ọdún 23 ló lò láìsí pé wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́. Aṣọ́wíkẹ́ẹ̀tì tó ń ké sí adájọ́ ní gbogbo ìgbà pé kí wọ́n yọ ẹni yìí, kí wọ́n yọ ẹni yẹn, ó ń jèrè, ṣùgbọ́n ó ń ba eré jẹ́. Bí ẹ bá mú un, ẹ mú un pẹ̀lú ìyẹn.

Àbẹ̀ní_T

Mo gbà pẹ̀lú Aláròyé. Ọwọ́ rẹ̀ dáa, ẹ fi í síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí balógun máa ká a lọ́wọ́ kò.

OlóyèWíkẹ́ẹ̀tì

Balógun ta ni? Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gan-an nìyẹn, ẹ sì ti ń sá fún un. Mo ti fara mọ́ ìwà tẹ́ ẹ ń wò, mo gbé Douglas-Home àti Mara sílẹ̀ fún yín. Imran Khan ò ṣeé gbé sílẹ̀ ní tèmi. Ní ìdíje àgbáyé 1992, England yọ gbogbo Pakistan fún ráànù 74 péré ní Adelaide, òjò ló gbà wọ́n là. Ẹlòmíràn á ti kó ẹrù rẹ̀. Imran, ọmọ ọdún 39, kó wọn dé ìparí ìdíje ní Melbourne ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta, ó gbá ráànù 72, òun fúnra rẹ̀ ló gba wíkẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn, wọ́n fi ráànù 22 na England. Nawaz Sharif ló wà lórí ìjọba nílé nígbà yẹn. Ó ju bọ́ọ̀lù, ó ń gbá, ó ń darí. Kí lẹ tún ń wá?

Balógun_Pápá

Ẹ̀gbọ́n Olóyè, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kí Imran má sí níbẹ̀. Ipò keje ni tirẹ̀, kó gbá, kó jù ú. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ fún Akẹ́kọ̀ọ́ lókè, pé kó fi ọ̀rọ̀ ìkéde sọ́kàn, ni mo fi wo ọ̀rọ̀ balógun. Ilé aṣòfin ló yọ Imran ní oṣù kẹrin 2022, ó sì bá wọn jà títí dé ìbò tó kẹ́yìn. Kò kéde. Thatcher ò kéde, àwọn èèyàn rẹ̀ ló tì í. Ẹ wo iye àwọn tí Áfíríkà ní tó wà níwájú wíkẹ́ẹ̀tì títí ilẹ̀ fi ṣú, tí ẹnikẹ́ni ò rí àyè gbá lẹ́yìn wọn. Robert Mugabe ti Zimbabwe lo ọdún 37, àwọn sọ́jà ló sì fipá mú un kúrò lórí pápá ní 2017.

Balógun tèmi ni Julius Nyerere ti Tanzania. Láti 1961 ló ti ń darí. Ní 1985 òun fúnra rẹ̀ sọ pé ó tó, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń lé e. Ipò kẹrin ló ti máa gbá.

Ọmọ_Aláròyé

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún Mwalimu, bí wọ́n ṣe ń pe Nyerere, ṣùgbọ́n ẹ sọ gbogbo rẹ̀. Láàárín 1973 sí 1976, wọ́n kó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ wọn lọ sí àwọn abúlé tuntun, wọ́n lo ipá fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, oúnjẹ sì dín kù. Balógun tó ń to àwọn èèyàn rẹ̀ sí ibi tí bọ́ọ̀lù ò gbà nìyẹn.

Tíṣà_Àgbà

Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kó o dákẹ́. Ṣùgbọ́n Nyerere fúnra rẹ̀ gbà ní gbangba pé àwọn ṣàṣìṣe. Mo ti kọ́ ọmọ fún ọdún 34, mo ti bá ọ̀gá ilé ìwé oríṣiríṣi ṣiṣẹ́, ìwọ̀nba ni mo rí tó lè dúró níwájú àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ kó ní òun ṣì í. Balógun tó bá lè yí ètò pápá rẹ̀ padà láàárín eré, torí ó ti rí i pé ó ṣì í, òun ni mo fẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mandela náà kéde ṣá. Sáà kan ṣoṣo, 1994 sí 1999. Ṣé ẹ ò rò pé òun ló yẹ?

Àbẹ̀ní_T

Bàbá, mo ti rò ó. Mandela ti kọ́kọ́ jáde lọ gbá, ẹ jẹ́ kó sinmi nígbà tó bá wọlé. Ọdún 27 ti tó. Èmi fara mọ́ Nyerere, kí Merkel jẹ́ igbákejì rẹ̀, torí òun ló máa sọ fún un lójú rẹ̀ nígbà tí ètò ò bá dáa.

OlóyèWíkẹ́ẹ̀tì

Ó dáa, ẹ ti pọ̀ jù mí lọ. Nyerere ni. Imran á bínú, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ku ẹnì kejìlá, ẹni tó ń gbé omi wọ pápá, tó ń sáré wọlé bí ẹnikẹ́ni bá fara pa. Ẹ gbà mí láyè kí n mú ìyẹn nìkan. Bob Hawke, olóòtú ìjọba Ọsirélíà láti 1983 sí 1991. Ìbò mẹ́rin ló wọlé. Nígbà tó wà ní Oxford, ẹnì kejìlá gan-an ló ṣe fún ikọ̀ yunifásítì náà. Ní 1984, nígbà tó ti ń darí ilẹ̀ náà, ó lọ bá àwọn akọ̀ròyìn gbá, bọ́ọ̀lù fò lù ú lójú, ó fọ́ gíláàsì rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ló jí ikọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní ikọ̀ olóòtú ìjọba dìde, èyí tí Robert Menzies, olóòtú ìjọba Ọsirélíà nígbà náà, dá sílẹ̀ ní 1951. Ó mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń dunni, ó sì tún ń padà wá.

Balógun_Pápá

Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Hawke lẹnì kejìlá.

Mo ka orúkọ wọn, mo rí i pé mẹ́wàá ló pé. Ipò karùn-ún ṣì ṣófo, láàárín Nyerere àti Sirleaf. Àbẹ̀ní, ìwọ lo kọ́kọ́ dárúkọ Bandaranaike. Ṣé kí n kọ ọ́ síbẹ̀?

Àbẹ̀ní_T

Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ń dúró de ìbéèrè yẹn látàárọ̀.